Àfòpiná Ara Ògiri Mọ́mì Débọ́lá

Kòkòrò náà kò tó èékánná àtàǹpàkò. Ẹni tí kò bá dúró wò ó dáadáa, yóò rò pé ọ̀dà ló ta sára ògiri, tàbí pé èèpo igi kan ni òjò òru lẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà tí Mọ́mì Débọ́lá sún mọ́ ọn ló tó rí i pé ó ní ìyẹ́, pé ìwo méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju òwú lọ wà lórí rẹ̀, àti pé ó ń wo òun. Ó kéré tán, ó jọ bẹ́ẹ̀.

Lórí ìyẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni òrùka dúdú kan wà. Funfun yí òrùka náà ká, àmì pupa kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ sì wà láàárín rẹ̀. Ojú gan-an ni. Ìyókù ìyẹ́ náà ní àwọ̀ ẹ̀pà tí iná ràn díẹ̀ jù, ìlà wẹ́wẹ́ sì ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti etí kan dé èkejì, bí ìlà tí omi òkun máa ń fi sílẹ̀ lórí iyanrìn nígbà tó bá padà sẹ́yìn. Irun múlọ́múlọ́ kan tó pọ́n bí inú ẹyin ló gbá gbogbo etí ìyẹ́ náà.

"Háà!" ni Mọ́mì Débọ́lá wí, òun nìkan, níwájú ògiri ara rẹ̀. "Ta ló ya èyí?"

Ó wọlé lọ, ó lọ wá pẹ́ńsùlù.

Rosaline Bọ́lárìnwá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Kúlóòsì tó ń gbé ní Festac, òpópónà kúkúrú tí kò já síbì kankan, tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Mọ́mì Débọ́lá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, máàpù ló ń yà: etí òkun, ọ̀sà, àbàtà, àti àwọn odò tóóró tó ń wọnú ara wọn bí iṣan ara. Ìgbà tí Festac ṣì ń run ọ̀dà tuntun ni òun àti Samson ọkọ rẹ̀ kó wọ ilé yìí. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Débọ́lá, inú rẹ̀ ni Samson kú sí. Látìgbà tó sì ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ kò tún fa ìlà kankan mọ́, àfi ìlà tó ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú Bíbélì.

Débọ́lá ló ra iná sólà tó gbé àwọn kòkòrò náà wá. Olè ń da àdúgbò láàmú, ọmọ náà sì gbé iná funfun kan tó mọ́lẹ̀ rekete sókè ògiri ìta ilé ìyá rẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe rọ̀, àwọn àfòpiná gbọ́ ìròyìn iná. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, díẹ̀ nínú wọn á ṣì wà lára ògiri, wọ́n á tẹ́ ìyẹ́ wọn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, wọn ò ní mira.

Àárọ̀ àárọ̀ ni Mọ́mì Débọ́lá wá ń gbé àga síwájú ògiri. Ó ní gíláàsì ọlọ́wọ́ kan láti ibi iṣẹ́, tó máa ń sọ ohun kékeré di ńlá. Òun ló fi rí i pé kò sí méjì nínú wọn tí ìlà ìyẹ́ wọn bára mu pátápátá, àti pé àwọn kan tóbi díẹ̀, tí òrùka tiwọn sì fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ọ̀kan bá fẹ́ fò, á kọ́kọ́ ṣí ìyẹ́ òkè, ìyẹ́ ìsàlẹ̀ á sì yọ sí gbangba, pupa bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni, ó ti lọ. Ó gbìyànjú títí kó tó rí àwọ̀ náà yà. Kò pẹ́ tí ara ògiri pálọ̀ rẹ̀ fi kún fún àfòpiná tó tóbi bí àwo oúnjẹ. Ẹni tó bá wọlé, á ní kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run.

Ilé tó kọjú sí tirẹ̀ ni Enoch àti Tèmilọlá ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Inú Kúlóòsì yẹn ni wọ́n bí Enoch sí. Ìyá rẹ̀ àti Mọ́mì Débọ́lá jọ ṣiṣẹ́ ìjọba, nígbà tí ìyá rẹ̀ sì wà ní ọsibítù fún ìgbà pípẹ́, ilé Mọ́mì Débọ́lá ló ń sùn. Ní báyìí, ó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì jẹ́ olórí fẹ́lóṣíìpù, ìpàdé àdúrà tí àwọn ará Kúlóòsì máa ń ṣe nínú pálọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó mọ àdúrà í gbà. Ohùn rẹ̀ a máa mú ènìyàn dìde lórí àga.

Ìgbà tí oyún Tèmilọlá wọ oṣù karùn-ún, ó bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Òun ni oyún kejì tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Mọ́mì Débọ́lá se ẹ̀kọ, ó se mọ́ínmọ́ín, ó dì í sínú fúláàsì, ó gbé e lọ. Enoch ló gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò ní kó wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé fúláàsì náà síwájú géètì rẹ̀. Nígbà tó gbé e, ó wúwo. Kò sí ẹni tó ṣí i.

Ó rò pé ìbànújẹ́ ni. Ìbànújẹ́ a máa ti oúnjẹ sẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, ó wé gèlè rẹ̀, ó mú Bíbélì, ó sọdá lọ sí fẹ́lóṣíìpù láti lọ bá wọn gbàdúrà fún Tèmilọlá. Tèmilọlá kò sí ní pálọ̀. Wọ́n ní ó ń sinmi nínú yàrá.

Enoch bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "Gbogbo ojú tó ń ṣọ́ inú aboyún, kí Ọlọ́run fọ́ ọ!"

"Àmín!" ni gbogbo wọn wí. Mọ́mì Débọ́lá ṣe àmín tirẹ̀ tọkàntọkàn.

"Gbogbo ojú tó wà lára ìyẹ́, tó ń lẹ̀ mọ́ kọ́tìnì aláìṣẹ̀, fọ́ ọ!"

"Àmín!"

"Àgbà tó ń tanná fún wọn, tó ń fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ sínú ilé, Olúwa, tú àṣírí rẹ̀!"

Mọ́mì Débọ́lá kò ṣe àmín èyí. Ó la ojú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló dijú, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Enoch nìkan ni ojú rẹ̀ là. Mọ́mì Débọ́lá ló ń wò.

Ó mú Bíbélì rẹ̀, ó dìde, ó sì rìn jáde. Kò sí ẹni tó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà ni Kúlóòsì ti yí padà fún un. Obìnrin tó máa ń dúró bá a sọ̀rọ̀ nípa iye owó tómátò wá ń wo fóònù rẹ̀ kọjá. Wọ́n ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ gba òdìkejì. Ìtàn sì ti délé dóko: pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí oyún náà bàjẹ́, Enoch rí kòkòrò olójú méjì kan lára kọ́tìnì yàrá, irú èyí tó wà lára ògiri Mọ́mì Débọ́lá gẹ́lẹ́, tó tẹjú mọ́ orí ibùsùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Enoch wá. Bọ̀dá Ọláníran ló bá a wá, ọ̀rẹ́ Samson, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tí ewú ti gba gbogbo orí rẹ̀. Wọ́n jókòó. Enoch kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ kan àwọn àwòrán tó wà lára ògiri.

"Mọ́mì, a ò bá ìjà wá," ló wí. "Ìfẹ́ ló gbé wa dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa iná ìta yẹn. Kí ẹ dáná sun àwọn àwòrán yìí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá kúnlẹ̀ láàárín wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ká gbàdúrà ìtúsílẹ̀ fún yín."

"Ìtúsílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ kí ni?"

Enoch wo ilẹ̀.

"Sọ ọ́, Enoch. O ti sọ ọ́ nínú àdúrà. Sọ ọ́ lójú mi."

"Mọ́mì, àwọn èèyàn ń sọ pé..."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí àwọn èèyàn ń sọ."

"Pé ẹ ní nǹkan lọ́wọ́ ni, mà."

"Àjẹ́," ni Mọ́mì Débọ́lá wí. "Ọ̀rọ̀ náà ni àjẹ́. Kò gùn, kò sì ṣòro pè." Ó kọjú sí Bọ̀dá Ọláníran. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bọ̀dá? Ẹ̀yin tí ẹ jẹun nínú ilé yìí ju bí ẹ ti jẹun nílé yín lọ."

Ọ̀rọ̀ náà ni Bọ̀dá Ọláníran lára. Ó gbé fìlà rẹ̀ láti orúnkún kan sí èkejì. "Ìyàwó wa, ẹ ṣáà jẹ́ kí àlàáfíà wà. Iná lásán ni, ẹ pa á fún wọn."

"Tó bá jẹ́ iná lásán ni, kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ kí n pa á?"

Bọ̀dá tún gbé fìlà rẹ̀ padà sí orúnkún àkọ́kọ́.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì," ni Mọ́mì Débọ́lá wí. "Mi ò ní paná. Mi ò ní sun àwòrán. Tí mo bá sì máa kúnlẹ̀, Ọlọ́run ni mo máa kúnlẹ̀ fún. Mi ò ní kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo nu ikun nímú rẹ̀."

Enoch dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mọ́mì, ẹ rántí o, àwọn àgbà ló sọ ọ́. Àfòpiná tó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa."

"Wọ́n sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú èmi àti ìwọ, ta ló fẹ́ paná? Lọ dá òwe náà rò délé."

Kò pẹ́ sígbà náà tí Mọ́mì Débọ́lá jí, tó sì bá iná sólà náà ní fífọ́. Òkúta ni wọ́n jù lù ú. Wọ́n tún da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú sára ògiri náà, ó ń ṣàn wálẹ̀. Àfòpiná kan wà nínú ọ́ìlì náà, ìyẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀. Mọ́mì Débọ́lá fi etí bébà yọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo eruku tó jẹ́ àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí dànù. Ohun tó kù kò ju awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ènìyàn lè rí òdìkejì láti inú rẹ̀. Òun tí kò sunkún láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sunkún lórí èyí.

Débọ́lá wá láti ilé rẹ̀ ní Ẹ́sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Bó ṣe rí ògiri náà, ó sunkún wọlé lọ bá ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ó tó. Ẹ kó aṣọ yín. Yàrá wà nílé wa. Bí wọ́n bá lè ju òkúta lu iná, wọ́n lè jù ú lu èèyàn."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ máa tẹ̀ lé mi?"

"Rárá."

"Nítorí kòkòrò, Mọ́mì? Kòkòrò!"

"Débọ́lá, jókòó." Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Tí mo bá jáde lónìí, wọ́n á ní àjẹ́ ti sá. Orúkọ yẹn ló máa jókòó sórí ilé tí bàbá rẹ kú sí. Òun ló máa tẹ̀ lé ọ dé Amúwo, tó máa tẹ̀ lé ọmọ rẹ lọ sílé ọkọ. Mi ò bí ọ sínú ìyẹn. Nu ojú rẹ, gbé ọkọ̀ rẹ, ká lọ sí Apple Junction."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ọ̀dà."

Wọ́n ra ọ̀dà funfun, èyí tó funfun jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ra búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń ta iná sólà gbé irú èyí tó fọ́ síwájú wọn. Mọ́mì Débọ́lá wò ó, ó ní, "Ṣé ẹ ò ní èyí tó mọ́lẹ̀ jù báyìí lọ?" Débọ́lá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n kun ògiri náà, lójú gbogbo Kúlóòsì. Ìyá dúró sórí àpótí, ọmọ ń kun ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ń rọra kọjá. Bí ọ̀dà náà ti gbẹ, Mọ́mì Débọ́lá wọlé, ó mú bébà ńlá kan jáde, èyí tó tóbi bí orí tábìlì. Gbogbo òru ọjọ́ mélòó kan ló ti fi yà á. Àfòpiná kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, tó ṣí ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu: ìlà kọ́lọkọ̀lọ, etí tó pọ́n bí inú ẹyin, ìyẹ́ ìsàlẹ̀ pupa, àti òrùka méjèèjì. Ó fi ọ̀rá wé e nítorí òjò, ó sì fi wáyà so ó mọ́ iwájú géètì rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń wọ Kúlóòsì yóò ti rí i.

"Mọ́mì," ni Débọ́lá wí, "ẹ ń dáná ogun."

"Wọ́n ti dá a tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń bá jà."

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tún yí po, ó wé gèlè, ó mú Bíbélì, ó sì sọdá. Pálọ̀ Enoch kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bó ṣe wọlé, orin dákẹ́.

"Mọ́mì," ni Enoch wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "ṣé ẹ ti ṣe tán láti kúnlẹ̀ ni?"

"Mo wá jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí." Ó jókòó síbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sún. Ó gbé báàgì rẹ̀ sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lé mi lórí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo dàgbà jù yín lọ. Ẹ ó gbọ́ mi."

Kò dúró gba àṣẹ.

"Ohun tí ẹ̀ ń pè ní ojú yẹn, kì í ṣe ojú. Ojú rẹ̀ gan-an wà lórí rẹ̀, ó kéré débi pé ẹ ò lè rí i. Ìyẹ́ rẹ̀ ni Ọlọ́run ya àwòrán sí, àwọn aláàńgbá ló sì yà á fún. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Aláàńgbá kan rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti là tán. Kòkòrò yìí ṣí ìyẹ́ rẹ̀. Aláàńgbá rí pupa, ó rí ojú ńlá méjì, ó dúró, ó mi orí, ó sì bá ibòmíràn lọ. Kòkòrò tí kò ní eyín, tí kò ní oró. Kò tilẹ̀ sá. Aláàńgbá lẹ̀rù ń bà. Èmi kò mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù rẹ̀ yóò ba ọmọ ènìyàn tó lọ sí yunifásítì."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì.

"Mọ́mì, a ò wá síbí fún ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò," ni Enoch wí. Ohùn rẹ̀ ti ń gòkè. "Ìyàwó mi ti pàdánù ọmọ méjì! Ọ̀tá kan wà níbì kan! Ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan, tí..."

"Enoch, dákẹ́."

Láti ẹnu ọ̀nà yàrá ni ohùn náà ti wá. Tèmilọlá ni. Aṣọ ilé ló wọ̀, kò bo orí rẹ̀, ó fara ti ògiri bí ẹni tí ìdúró ṣì ń ná ní agbára. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí i.

"Tèmi, padà lọ sinmi."

"Mo ti sinmi tó. Ọmọ mi ni. Ara mi ló ti jáde. Tí a bá máa sọ ohun tó pa á, èmi ló yẹ kí n sọ ọ́."

Ó kọjú sí Enoch.

"Dókítà sọ fún wa," ló wí. "Lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́, ó sọ fún wa pé ẹnu ilé ọmọ mi kò dúró gírí. Ó ní tí mo bá tún lóyún, kí n tètè wá kí wọ́n fi òwú rán an, títí ìgbà ìbímọ yóò fi tó. Mo lóyún, a lọ, ó tún sọ ọ́. Ìwọ lo ní a ò ní gba ìròyìn búburú. Ìwọ lo ní òwú kọ́ ló máa gbé ọmọ Ọlọ́run dúró. Mo gbọ́ tìrẹ, a padà sílé láìrán an. Kò sí kòkòrò kankan nínú yàrá dókítà lọ́jọ́ yẹn, Enoch. Èmi, ìwọ àti dókítà nìkan la wà níbẹ̀."

"Tèmi, ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn. Kì í ṣe níwájú àwọn èèyàn."

"Níwájú àwọn èèyàn lo ti pe Mọ́mì ní àjẹ́."

Enoch jókòó sórí apá àga.

Tèmilọlá rìn kọjá láàárín wọn títí dé ibi tí Mọ́mì Débọ́lá jókòó. Ó gbé báàgì náà kúrò, ó sì jókòó sí àyè rẹ̀. "Oúnjẹ yín, Mọ́mì," ló wí, ohùn rẹ̀ ti já. "Èmi kọ́ ni mo dá a padà o. Ebi ń pa mí gan-an lọ́jọ́ yẹn."

Ìyá àgbà náà gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó sì fà á mọ́ra. Àwọn méjèèjì ló sunkún, láìbo ojú. Bọ̀dá Ọláníran ló kọ́kọ́ dìde láàárín àwọn tó kù. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé wa. Ojú tì mí." Wọ́n bá a jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìṣe àdúrà oore-ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń parí.

Èèyàn yóò fẹ́ kí n sọ pé gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀. Ẹni tó ju òkúta kò jáde wá, a ò sì mọ̀ ọ́n títí dòní. Tèmilọlá kó aṣọ díẹ̀, ó lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Mazamaza. Fẹ́lóṣíìpù túká fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ nílé Bọ̀dá Ọláníran. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló wá pe Mọ́mì Débọ́lá. Ó dúró lẹ́nu géètì náà, níwájú àwòrán. Mọ́mì Débọ́lá ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ jẹun, nítorí ó ti rù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Enoch wá. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, ó so táì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí simẹ́ńtì iwájú ilé, tòun ti táì náà.

"Dìde," ni Mọ́mì Débọ́lá wí. "Wá síbí."

Ó mú un lọ síwájú ògiri funfun náà. Àfòpiná kan wà níbẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó na gíláàsì sí Enoch. Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn díẹ̀, kó tó wá gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Eruku ni, mà. Eruku wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó lé ara wọn bí páànù òrùlé. Èyí dúdú, èyí funfun."

"Ojú dà?"

"Kò sí ojú, mà." Ó nà ró. Ojú tirẹ̀ gan-an ti kún fún omi. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Èmi kọ́ ló yẹ kí o kọ́kọ́ bẹ̀. Mazamaza ò jìnnà síbí. Lọ bá ìyàwó rẹ. Bẹ̀ ẹ́, kí o sì bá a lọ gbọ́ ohun tí dókítà ní í sọ, láìdá a lẹ́nu. Bí òun bá ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ, kí ẹ̀yin méjèèjì wá rí mi. Bí kò bá sì gbọ́, má wá."

Enoch kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà, ó kọrí sí Mazamaza. Tèmilọlá kò tètè gbà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Enoch lọ, tó sì dá padà ní òun nìkan. Ìgbà tí Tèmilọlá padà sílé níkẹyìn, àdéhùn tirẹ̀ ló gbé wá: ọ̀rọ̀ ara òun, òun ni yóò máa sọ ọ́, ẹnì kankan kò ní fi àdúrà bo dókítà lẹ́nu mọ́. Enoch gbà. Kò tún darí fẹ́lóṣíìpù mọ́, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí.

Àwọn kan ṣì wà tí wọn ò yíhùn padà. Ìyá Ìyìn, tó ń gbé ní ìparí Kúlóòsì, ṣì máa ń gba òdìkejì bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, yóò gbójú kúrò lára ògiri náà, yóò sì máa sáré kọjá. Mọ́mì Débọ́lá a sì máa dúró dè é nínú àga rẹ̀.

"Ìyá Ìyìn! Ṣé o jíire?" ni yóò kígbe, débi pé ilé kẹta yóò gbọ́. "Ìyìn ńkọ́? Ikọ́ rẹ̀ ti lọ bí?"

Ìyá Ìyìn kì í dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì Débọ́lá yóò tún kí i, ohùn rẹ̀ yóò sì gòkè ju ti àná lọ. Débọ́lá ní kó fi obìnrin náà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun ò ní fi í sílẹ̀, pé Kúlóòsì àwọn ni, àwọn á sì máa kíra àwọn níbẹ̀.

Nígbà tí òjò ti ń dáwọ́ dúró, Ìyá Ìyìn ń kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Kí ìyá àgbà náà tó parí ìkíni rẹ̀, obìnrin náà dúró láàárín títì, ó fajú ro bí ẹni tí inú ń bí.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ló wí. "Ikọ́ náà ti lọ."

Ó sì bá tirẹ̀ lọ.